Kí Lẹ Ń Ṣe fún Ẹni Tí Kò Wá?

Bí mo bá dé ìlú kan tí wọ́n sọ fún mi pé àwọn ní ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú igbó àti odò ìlú wọn, n kì í bèèrè iye igi tí wọ́n ti gbìn. Iye igi ò ṣòro pè lẹ́nu. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi akọ̀wé wọn: kí lẹ ń ṣe fún ẹni tí kò wá? Bó bá ní, "Rárá o, a kì í fi dandan mú ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá wù ló ń wá," mo ti mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà ò ní pẹ́ túká. Bó bá bú sẹ́rìn-ín, tó ní, "Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n sọ," ọkàn mi á balẹ̀.

Ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni wọ́n ti bí mi, láàrin Òrò àti Ọmù-Àrán. Ìlọrin ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilẹ̀ wa jáde lọ́jọ́ Sátidé. N ò ní dárúkọ ìlú náà, torí àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ò rán mi níṣẹ́. Ẹgbẹ́ náà ò ní fáìlì kankan ní Àbújá, wọn ò sì ní fìlà tí wọ́n kọ orúkọ sí. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọlọ́kadà wà níbẹ̀, ọdẹ wà níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀. Àwọn ìyá tó ń se irú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn gan-an ló sì le jù. Ohun tí wọ́n ń tọ́jú ò pọ̀: òkè kan tí igbó ṣẹ́ kù sí lórí, ìsun omi tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sódò, àti àwọn igi irúgbá àti igi òrí tó wà káàkiri inú oko.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́. Láti Ọ̀fà lọ títí dé Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfẹ́lódùn àti Ìsin, ilẹ̀ wa kì í ṣe igbó kìjikìji irú èyí tó wà ní Oǹdó, kì í sì í ṣe ọ̀dàn gbalasa ti Òkè Ọya. Àárín méjèèjì ló wà. Koríko èrùwà tó ga ju ènìyàn lọ ló borí ilẹ̀, igi ń dúró lọ́kọ̀ọ̀kan láàrin rẹ̀, igbó gidi sì wà létí odò àti lórí òkè nìkan. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí iná ò bá dé ibẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, igbó á bẹ̀rẹ̀ sí í gba koríko mọ́lẹ̀. Bí iná bá ń jó o lọ́dọọdún ní ìgbà tí kò yẹ, koríko ló máa jogún gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò rí. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta nínú igbó ọba Olókèmejì, lọ́nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn. Wọ́n ń sun apá kan lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀rùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Wọ́n ń sun apá kejì nígbà tí ẹ̀rùn bá fẹ́ parí, tí gbogbo nǹkan ti gbẹ. Wọn ò jẹ́ kí iná kan apá kẹta rárá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, apá tí iná ò kàn ti di igbó, apá tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀rùn ti di pápá koríko tí igi rẹ̀ ò tó nǹkan, èyí tí wọ́n ń tètè sun sì wà láàrin. Mo sọ ọ́ fún bàbá tó jẹ́ olórí ọdẹ wa. Ó gbọ́ ọ tán, ó wò mí, ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wò ó? Wọn ò bá ti bi wá."

Ìmọ̀ yìí náà ló wà nídìí iṣẹ́ tó tóbi jù tí ẹgbẹ́ ń ṣe lọ́dún, ìyẹn lílà ọ̀nà iná yí òkè ká, kí iná ìparí ẹ̀rùn má baà rí ibi gbà gun òkè. Ó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kọkànlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, nígbà tí òjò ti lọ, tí orí èrùwà ti pọ́n ṣùgbọ́n tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Wọ́n á la ọ̀nà méjì tó tẹ̀lé ara wọn, àyè bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá á sì wà láàrin wọn. Àdá ni wọ́n fi ń gé e, ọkọ́ ni wọ́n fi ń ha ilẹ̀ rẹ̀, títí tí kò fi ní í ku ohun tí iná lè jẹ lójú ọ̀nà méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá dáná sun koríko tó wà láàrin. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti rọlẹ̀ tí ìrì sì fẹ́ máa sẹ̀.

Bàbá ọlọ́dẹ nìkan ló ń dá iná yẹn. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ yọ ìṣáná jáde lápò. Á bu erùpẹ̀, á jẹ́ kó máa yọ́ dà láàrin ìka rẹ̀, á sì wo ibi tó ń gbà lọ. Á fẹsẹ̀ tẹ koríko, á tẹ́tí sí bó ṣe ń dún. Bí kò bá dún bó ṣe fẹ́, á ní ká padà sílé, a ó sì padà sílé lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Ìlọrin ni àwọn kan ti wá. Bó bá ní ó yá, àwọn ọ̀dọ́ á tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, kálukú pẹ̀lú ẹ̀ka igi tútù tí ewé kún. Ẹni méjì á gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn sóko kọ́ ẹ̀yìn, omi lásán ló wà nínú rẹ̀. Iná á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀, kò ní ga ju orúnkún lọ. Ìgbà míì, ewé tó ti ràn á fò sókè, á sì bà sí òdìkejì ọ̀nà. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á fi ẹ̀ka bò ó, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Wọn kì í nà án bí ẹni ń na ejò, torí ẹni tó bá nà án á fọ́n ẹyinná ká síwájú. Èébú ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìyẹn.

Àláàjì kan láti gáà Fúlàní tó wà lẹ́yìn odò máa ń wá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Bó ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ yẹ ká sọ. Tẹ́lẹ̀, àwọn ará gáà ni gbogbo ìlú ń dá lẹ́bi bí iná bá ti sọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí koríko tuntun tó ń yọ lẹ́yìn iná ni màlúù fẹ́ jẹ ní àárín ẹ̀rùn. Àmọ́ ọdẹ náà ń fi iná lé ọ̀yà jáde, àgbẹ̀ ń sun oko tó ṣán láìdúró tì í, àwọn tó ń fi iná lé oyin sì ń gbàgbé ògùṣọ̀ sídìí igi. Nígbà tí wọ́n pe Àláàjì sípàdé, wọn ò bi í léèrè ẹni tó dáná. Wọ́n bi í ní ohun tó fẹ́. Ó ní koríko tutù ni. Wọ́n ní níbo? Ó mú wọn lọ, ó fi hàn wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n tètè sun, kí iná oṣù kejì má baà rí nǹkan jẹ kó tó dé ẹsẹ̀ òkè. Látìgbà yẹn, iná kan náà ni wọ́n jọ ń dá. Ọ̀rọ̀ gbágùúdá tí màlúù jẹ ṣì wà nílẹ̀ o, kì í ṣe pé wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Wọ́n kàn ní iṣẹ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣe, ìyẹn náà sì ju ohun tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ lọ.

Wàyí o, ẹni tí kò wá.

Akọ̀wé á ka orúkọ kí wọ́n tó jẹun. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, tí kò sì ránṣẹ́, wọn ò ní bá a jà, wọn ò ní bu owó ìtanràn lé e. Ṣe ni wọ́n á jẹ iyán wọn tán, wọ́n á mu omi, gbogbo wọn pátá á wá kọrí sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú àdá àti ọkọ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú eérú lára. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ò rí i lónìí, ọkàn àwọn ò sì balẹ̀, àwọn ní kí àwọn wá wò ó bóyá ara rẹ̀ ò yá ni. Wọ́n á máa bèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: orí ńkọ́? Inú ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ á máa sáré wá omi tó máa kárí wọn. Àwọn aládùúgbò á ti máa yọjú lójú fèrèsé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan tó ní mọ́tò méjì sọ ara rẹ̀ di aláìsàn lójijì, torí pé kò rí nǹkan míì sọ. Ìyá Onírú fọwọ́ kàn án níwájú orí, ó ní lóòótọ́ ló gbóná díẹ̀, wọ́n sì gbàdúrà gígùn fún un, ti mùsùlùmí àti ti onígbàgbọ́, kí wọ́n tó dìde. Ọkùnrin náà ò tún pa iṣẹ́ jẹ mọ́. Òun ló ń kọ́kọ́ dé báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, mo sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ igi àti ìfẹ́ ẹyẹ. Ìfẹ́ dáa, ṣùgbọ́n kì í jí lágogo márùn-ún àárọ̀ Sátidé. Ohun tó ń mú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró nílẹ̀ wa ni ojútì àti gbèsè. Ọ̀wẹ̀ la ń pè é láyé àwọn bàbá wa. Ẹni tó fẹ́ kọ ebè, ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ oko fún bàbá ìyàwó rẹ̀, á pe ọ̀wẹ̀, á se oúnjẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì wá. Kò sí ìwé, kò sí owó, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ti wá sí tirẹ̀ àti ẹni tí òun ò tíì lọ sí tiẹ̀. Ẹgbẹ́ wa kàn mú gbèsè yẹn kúrò lórí oko ẹnì kan, wọ́n gbé e sórí òkè tó jẹ́ ti gbogbo wa.

Ìbẹ̀rù ọba yàtọ̀ sí èyí. Ní 1984, ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon, tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin, gbé ètò WAI kalẹ̀, ìyẹn ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìníbàáwí, inú rẹ̀ sì ni gbálẹ̀-gbodè Sátidé ìparí oṣù ti gbilẹ̀. Àwọn tó tó bẹ́ẹ̀ ń sọ fún wa bí ojú títì ṣe mọ́ nígbà náà, tí ṣọ́jà ń yí kiri, tí wolé-wolé ń wo ẹ̀yìn ilé. Ìjọba yẹn lọ ní oṣù kẹjọ 1985. Sátidé yẹn ṣì kù síbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù pa títí di aago mẹ́wàá, wọ́n á padà sórí ibùsùn. Ẹni tó ń bẹ̀rù ṣọ́jà á sinmi lọ́jọ́ tí ṣọ́jà bá lọ. Ẹni tó ń tijú Ìyá Onírú ò ríbi sá sí, torí ọ̀la ni wọ́n tún máa pàdé lọ́jà.

Kì í ṣe pé a ò rí irú kejì, èyí tí kò sí gbèsè nínú rẹ̀. Àwọn kan tí n ò ní dárúkọ wá láti ìlú ńlá nígbà kan, wọ́n kó ọ̀gbìn igi gmelina àti máńgòrò wá sínú ọkọ̀. Wọ́n pín tíṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n kọ nǹkan sí, ọba sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ iléèwé kọrin, wọ́n ya fọ́tò. Oṣù kẹsàn-án ni, òjò ku díẹ̀ kó lọ. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ewúrẹ́ ti jẹ máńgòrò, oòrùn ti pa èyí tó pọ̀ nínú gmelina. Kò sí ẹni tó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè igi yẹn. Àwọn ọmọ iléèwé tó gbìn ín ò mọ ẹni tí wọ́n máa jíhìn fún. Tíṣẹ́ẹ̀tì náà ló pẹ́ jù láyé. Mo ṣì rí ọ̀kan lọ́rùn ọmọkùnrin kan ní ìbùdókọ̀ Àjàṣẹ́-Ìpo láìpẹ́ yìí.

Gmelina tiẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀ nílẹ̀ yìí. Nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn ń kó irúgbìn rẹ̀ wọ Nàìjíríà, ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni pé inú rẹ̀ ni irúgbìn koríko kan fara pamọ́ sí, èyí tó padà gba gbogbo ilẹ̀ oko wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun koríko náà. Àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn kan ní Awólọ́wọ̀ ni, mo sì máa ń rò ó pé ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tí bàbá kálukú ṣe ni èyí wà. A ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ó wúlò. Ṣùgbọ́n bó bá gbẹ tán nínú ẹ̀rùn, bẹntiróò ló kù tí kò jẹ́.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí níbòmíì náà ò fi í sílẹ̀ fún ìfẹ́ nìkan. Nígbà tí Wangari Maathai bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Green Belt ní Kẹ́ńyà ní 1977, owó kékeré ni wọ́n ń san fún àwọn obìnrin abúlé lórí ọ̀gbìn tó bá yè. Lórí èyí tó yè, kì í ṣe lórí èyí tí wọ́n gbìn. Obìnrin náà á padà lọ wo igi rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, torí nǹkan tirẹ̀ wà nídìí ẹ̀. Wọ́n fún Maathai ní ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní 2004, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sọ iye mílíọ̀nù igi tí wọ́n gbìn. Ọ̀rọ̀ owó kékeré yẹn ni kì í jáde lẹ́nu wọn.

Ìtàn kejì wá láti orílẹ̀-èdè Níjẹ̀r, òun ló sì wúlò fún wa jù. Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà kan, ti ń gbin igi lágbègbè Maradi, wọ́n sì ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1983 ló wá kíyè sí i pé ohun tí òun ń rò pé ó jẹ́ igbó wẹ́wẹ́ lórí iyanrìn, kùkùté igi ńlá tí wọ́n ti gé ni, tí gbòǹgbò wọn ṣì wà láàyè nísàlẹ̀. Kò sí ìdí láti gbin nǹkan kan. Kí àgbẹ̀ yan ẹ̀ka díẹ̀ lára èyí tó ń rú jáde, kó gé ìyókù, kó má ro ó dànù, ó tán. Bó ṣe di pé igi padà sí nǹkan bí mílíọ̀nù 5 héktà ilẹ̀ oko níbẹ̀ láàrin bí ogún ọdún nìyẹn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló rí i lórí fóònù, tó wá sọ fún ẹgbẹ́. Bàbá ọlọ́dẹ tún ní àwọn mọ ìyẹn náà. Bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n, n ò jiyàn, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é.

Kùkùté ò sì wọ́n wa. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti tán, nǹkan gbogbo gbówó lórí, gáàsì ìdáná ò gbẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin sì padà sídìí èédú. Ẹ gba ọ̀nà Òrò kọjá, ẹ ó rí àpò èédú tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n fi koríko dí lẹ́nu. Igi àyin, tí à ń fi pa orín, ló kọ́kọ́ lọ, torí èédú rẹ̀ le, ó sì ń pẹ́ nínú iná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sórí igi òrí. Nígbà tí ọwọ́ kan irúgbá ni ariwo sọ. Igi irúgbá kì í ṣe igi tí ẹnì kan ń gbìn lónìí kó jẹ ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ìdílé ló ń jogún èso rẹ̀. Ìyá Onírú ní àwọn kan ti ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe irú tà lọ́jà báyìí. Bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé ẹnì kan ló ṣaláìsí.

Wọn ò lé àwọn eléèdú. Ọmọ ìlú ni wọ́n, wọ́n ní ẹnu bíbọ́ nílé, àwa ará Ìlọrin la sì ń rà á. Ìpàdé wọn gùn, ariwo pọ̀, ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sì ṣe kedere: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irúgbá, òrí, tàbí igi tó wà létí odò. Bí wọ́n bá gé àyin, kí wọ́n fi kùkùté sílẹ̀ ní ìwọ̀n orúnkún, kí wọ́n má wú gbòǹgbò, kí wọ́n má sì fi ilé èédú sórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ á wá máa lọ yan ẹ̀ka lára kùkùté lẹ́yìn òjò. Ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta tó gún jù ni wọ́n ń dá sí, wọ́n á fi ọ̀bẹ mímú gé ìyókù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí èèpo má baà ya. Kí àgbẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ro ó dànù, wọ́n á so àkísà pupa mọ́ ọn.

Àkísà pupa yìí dá wàhálà sílẹ̀. Kò sí ẹni tó rí àkísà pupa lára igi tí kò ní rò pé ààlè ni. Àwọn tó ń ṣẹ́gi ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í yà gba ọ̀nà míì, ọmọdé ò wọ ibẹ̀ mọ́, igi sì ń yè. Ààfáà àti pásítọ̀, àwọn méjèèjì ọmọ ẹgbẹ́, ní rárá o, àwọn ò lè fọwọ́ sí nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, wọ́n bèèrè owó ọ̀dà, gbogbo wọn dákẹ́. Wọ́n wá ní kí wọ́n lo àkísà funfun. Wọ́n lò ó, wọ́n sì gé ẹ̀ka mẹ́rin láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ààfáà fúnra rẹ̀ dìde nípàdé, tó ní òun ti rò ó dáadáa, àwọ̀ lásán ni pupa, Ọlọ́run ló dá a. Àkísà pupa ló wà níbẹ̀ títí di òní.

Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn sọ pé Yorùbá ò ní àṣà ìtọ́jú ilẹ̀ àyàfi èyí tí ìjọba bá kọ́ wa. Kí wọ́n lọ sí Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí wa. Ní 1933 ni ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, tó ń bójú tó iléèwé ìjọ CMS, sọ fún ayé nípa àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀, tó ju 800 lọ. Ní 1945, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òyìnbó ló "rí" wọn. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi nínú igbó kékeré ni ère náà wà, ìlú sì ti ń bọ wọ́n, wọ́n ń ṣọdún wọn, àwòrò wọn wà, ọ̀nà ibẹ̀ ń mọ́. Ta ni wọ́n rò pé ó ń gbá ewé kúrò níbẹ̀? Ìlú kan tí kò lọ́wọ́ ìjọba nínú ló tọ́jú igbó yẹn àti ohun tó wà nínú rẹ̀, torí ojúṣe ìdílé kan tàbí òmíràn ni, wọ́n sì mọ ilé ẹni tí wọ́n máa lọ bí kò bá ṣe é.

Ìsun omi ò ní ìtàn púpọ̀. Àwọn ìyá ló ń darí ibẹ̀, wọ́n ń kó ẹrẹ̀ àti ewé kúrò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti lé àwọn tó ń fọ ọ̀kadà níbẹ̀ lọ sísàlẹ̀ odò. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà là ń ṣà jù.

Nǹkan tó fẹ́ bá gbogbo èyí jẹ́ báyìí ni ẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ ìjínigbé ti sọ igbó di ohun tí àwọn èèyàn wa ń sá fún. Ní oṣù kọkànlá 2025, inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù, ní Kwara níbí, ni wọ́n ti ká àwọn èèyàn mọ́ lásìkò ìsìn, wọ́n pa nínú wọn, wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ lọ. Gbogbo wa ló mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ kì í jáde láìjẹ́ pé àwọn ọdẹ ti lọ ṣáájú, kò sì sí ẹni tó ń dá lọ sórí òkè. Apá kan lára ọ̀nà tí a ń là tẹ́lẹ̀, èyí tó lọ lẹ́yìn òkè, a ò dé ibẹ̀ lẹ́yìn òjò tó kọjá. Èrùwà ti bo ó. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró ná títí ìlú á fi rọ̀. Bàbá ọlọ́dẹ ní ọ̀nà tí ẹsẹ̀ onílé ò tẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ àlejò ló máa tẹ̀ ẹ́. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ń sùn níbẹ̀ lóru, torí náà n kì í la ohùn sókè bí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ti àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé ìta, ní Ìlọrin, ní Èkó, ní òkè òkun. Wọ́n ti ṣí ojú ewé WhatsApp, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa fowó ránṣẹ́ dípò kí àwọn máa wá, kí ẹgbẹ́ fi gba lébìrà. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó á ra bàtà òjò, á ra ẹ̀rọ ìfín méjì sí i, á sì fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ wa ní nǹkan, ìyẹn ò sì burú. Ní tèmi, kí wọ́n gba owó, kí wọ́n má ka owó kún wíwá. Lébìrà á la ọ̀nà iná dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni bó bá rí èéfín lẹ́yìn òkè lóṣù kejì, torí pé wọ́n ti sanwó rẹ̀, ó sì ti lọ.

Ìyá Onírú ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ lébìrà. Ó jókòó títí wọ́n fi sọ tiwọn tán, ó wá ní, "Bí wọ́n bá fowó ránṣẹ́, ilé ta la ó lọ wò?"

Wọn ò rí èsì fún un. Ìpàdé míì á wà lẹ́yìn tí wọ́n bá wa iṣu tuntun, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé akọ̀wé ti ń bèèrè iye tí bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún máa gbà láti ìlú wa dé Ìlọrin lọ àti bọ̀. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin. Mo ní kí ó tètè ra omi sílẹ̀.